Omi wàrà Ọbáńtókò àti asẹ́ mẹ́ta tí a fi sẹ́ ẹ

Iṣẹ́ ẹ̀rọ omi inú ọ̀rá ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Bí pọ́ǹpù ilé-iṣẹ́ omi bá kọṣẹ́, bí fílítà bá dí, èmi ni wọ́n máa ń pè. Nígbà tí Ìyá Oníwàrà pè mí lórí fóònù láti Ọbáńtókò lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn pé, "Ẹńjìníà, jọ̀ọ́ wá bá mi wo omi kan," ẹ̀rọ kànga ló wá sí mi lọ́kàn. Mo di irin-iṣẹ́, mo gun ọ̀kadà. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí òórùn fi pàdé mi.

Ká ní òórùn ṣáláńgá ni, mi ò bá mọ̀ ọ́n. Èyí dà bí ògì tí ẹnìkan gbàgbé sínú ìkòkò fún ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n wá fi òrí tó ti kan lé e lórí. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé ti funfun bí ẹni da ẹfun sí i. Awọ kan bo ojú rẹ̀, ó nípọn débi pé ewé máńgòrò tó já bọ́ sórí rẹ̀ kò rì. Bàbá Láńdọ́ọ̀dù ilé kejì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì de èmi gan-an.

"Ṣé ìwọ ni ẹni tó mọ̀ nípa omi? Wá gbóòórùn kànga mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gbẹ́ ẹ, kò rùn rí."

Mo lọ gbóòórùn rẹ̀. Ó ń rùn lóòótọ́.

Ó yẹ kí n sọ bí Ìyá ṣe ń ṣe wàrà rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó mú wa kọsẹ̀ lẹ́yìn náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò kà á sí nígbà yẹn. Àwọn Fúlàní tó ń da màlúù lọ́nà Alábàtà ló ń gbé mílíìkì wá fún un ní kùtùkùtù, ó máa ń tó lítà 200 lọ́jọ́ tí ọjà bá dára. Á gbé e kaná. Bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, á da omi ewé bomubómu tí wọ́n ti gún tí wọ́n sì ti sẹ́ sí i, á wá máa ko iná díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Ìgbà yẹn ni mílíìkì máa dì, tí omi máa yà kúrò lára rẹ̀. Á bu èyí tó dì sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kí omi rẹ̀ lè ro. Wàrà bíi kílò 45 ló ń rí lójúmọ́. Omi tó kù máa ń tó lítà 150. Ó ń fi díẹ̀ nínú rẹ̀ rẹ wàrà kó má bàa gbẹ kó tó dé ọjà Kútọ̀. Ìyókù, inú gọ́tà.

"Omi mílíìkì ni," ló sọ fún mi. "Èèyàn ń mu ún, ọmọdé ń mu ún. Ṣé májèlé ni mo dà síta ni?"

Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì ń dà á láàmú gan-an nìyẹn. Oúnjẹ ló ń dà síta. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpín omi wàrà, bíi 93 ló jẹ́ omi lásán. Ṣúgà inú mílíìkì tí wọ́n ń pè ní láátóòsì máa ń tó 4.5 sí 5, iyọ̀ rẹ̀ kò pé 1. Ẹ fi lítà 150 ṣírò rẹ̀: ṣúgà bíi kílò 7 ni ìyá yìí ń dà sí gọ́tà lójoojúmọ́. Kòkòrò àìfojúrí inú omi ló ń jẹ ṣúgà yẹn, bí wọ́n sì ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń fi ọ́síjìn inú omi mí tán. Ìwọ̀n ọ́síjìn tí wọ́n máa lò ni àwọn tó ń yẹ omi ìdọ̀tí wò fi ń mọ bí omi ṣe burú tó. Omi ìdọ̀tí inú ilé máa ń wà ní mílígírámù 200 sí 300 nínú lítà kan. Omi wàrà máa ń wà ní 30,000 sí 50,000. Kódà bí mo bá mú èyí tó kéré jù, ohun tó ń kúrò nílé Ìyá lójúmọ́ tó ti èèyàn 75. Ẹ wá wo ilé oníyàrá mẹ́rin tí èèyàn 75 ń ṣu sí gọ́tà rẹ̀. Bí ọ́síjìn bá ti tán nínú omi, àwọn kòkòrò tí kò nílò rẹ̀ á gba ipò, àwọn yẹn ló ń mú òórùn wá.

Orúkọ ìlú wa náà tún dá kún un. Erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lórí àpáta ni ọ̀pọ̀ ibi ní Abẹ́òkúta. Omi tí a bá dà sílẹ̀ kì í rí ibi rì sí, á máa wá ibi tí àpáta ti là, ibẹ̀ kan náà ni kànga ti ń rí omi mu. Láti gọ́tà dé kànga Bàbá Láńdọ́ọ̀dù, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún lọ.

Èmi wá ṣe bí ẹni tó ní òòlù kan ṣoṣo. Mo ní ẹ̀rọ RO (reverse osmosis) kan nílé, èyí tí ilé-iṣẹ́ omi kan tà fún mi nígbà tí wọ́n kógbá wọlé. Mẹ́ḿbíréènì ló wà nínú rẹ̀, awọ asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé omi ló máa ń kọjá, tí iyọ̀ àti ìdọ̀tí á ṣẹ́kù sẹ́yìn. Bó bá lè yọ iyọ̀ kúrò nínú omi, ó lè yọ mílíìkì náà. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo gbé e wá, mo so rọ́bà mọ́ dúrọ́ọ̀mù Ìyá, mo tan jẹnẹrétọ̀.

Ìṣẹ́jú ogún ló fi ṣiṣẹ́. Fílítà òwú tó wà níwájú ti di bí ẹni fi bọ́tà rá a, nítorí ọ̀rá àti ẹ̀rúnrún wàrà tí aṣọ ìsẹ́ kò gbà. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, omi ṣì ń kán tó, tó, tó. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ṣúgà àti iyọ̀ inú omi wàrà ń fa omi mọ́ra, wọn kì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Agbára ìfà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bárì 7 (bárì la fi ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti omi) kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, pọ́ǹpù tèmi kò sì lè ju bárì 8 lọ. Bárì kan tó kù ló ń bá wa ṣiṣẹ́.

Níbi tí mo ti wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ rèé. Mo rò pé awọ náà dọ̀tí ni, mo bá da bíliìsì sínú omi, mo jẹ́ kó rẹ mọ́jú. Polyamide, irú ike kan, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ awọ RO òde òní, kúlórínì inú bíliìsì sì ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ àjà. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ìdí tí a fi ń fi fílítà èédú síwájú RO ní ilé-iṣẹ́ omi nìyẹn, kó lè gba kúlórínì kúrò kí omi tó débẹ̀. Ojú ló ń kán mi. Lọ́jọ́ kejì omi ń tú jáde ṣàà, inú wa dùn, Ìyá ní kí n bu fún òun. Ó tọ́ ọ wò.

"Ẹńjìníà, ó dùn."

Awọ ti jẹ. Ṣúgà ń kọjá pẹ̀lú omi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ ní FUNAAB, yunifásítì ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ oníbàárà mi, ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn lẹ ti bẹ̀rẹ̀." Ó wá ya á sílẹ̀ fún mi. Oríṣi awọ asẹ́ mẹ́rin ló wà nínú iṣẹ́ mílíìkì. Èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ jù ń gba ọ̀rá àti kòkòrò àìfojúrí. Èyí tó tẹ̀ lé e, UF (ultrafiltration), ń gba purotéènì, ó ń jẹ́ kí ṣúgà àti iyọ̀ kọjá. Ẹ̀kẹta ń gba ṣúgà, ó ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú iyọ̀ kọjá. RO ló kẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí nǹkan kan kọjá àfi omi. Àwọn òyìnbó ti ń fi UF ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ọdún 1969 ni Jean-Louis Maubois àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń fi irú awọ yìí kó purotéènì mílíìkì jọ kí wọ́n tó fi ṣe wàràkàṣì. Ìyẹ̀fun purotéènì inú agolo ńlá tí àwọn ọmọ tó ń gbé irin ń rà ní owó gọbọi, inú omi wàrà ló ti ń wá.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni Ìyá gbọ́ nínú gbogbo àlàyé yẹn. Ó gba owó àjọ rẹ̀ ṣáájú àkókò, mo sì bá a ra UF àlòkù kan ní Èkó.

Ẹ̀rọ tó dára ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ike gígùn kan ni, inú rẹ̀ kún fún ọ̀pá tín-ínrín tín-ínrín tó ní ihò láàárín, bíi sìpágẹ́tì tí wọ́n ṣà pọ̀. Omi kì í kọjú sí awọ náà tààrà. Ó ń ṣàn gba inú ọ̀pá kọjá bí odò ṣe ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè, kó lè máa gbá ohun tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ awọ lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ á máa sun jáde lára. Bárì 2 ti tó o. Ibi tí iná Ìyá ti ràn wá lọ́wọ́ ni pé gbígbóná ni omi wàrà ń kúrò nínú ìkòkò. A jẹ́ kó tutù dé ìwọ̀n 50, a sì ń sẹ́ ẹ níbẹ̀. Bó bá fi lè tutù dé 35 kó sì dúró, kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, á kan mọ́ wa lọ́wọ́.

Wákàtí kìíní mú bíi lítà 90 jáde. Wákàtí kejì, 35. Awọ ti ń dí nìyẹn, purotéènì tó ti sè àti kálísíọ̀mù ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Kọ́sítíìkì ló ń ká ti purotéènì kúrò, mo sì ra tèmi lọ́dọ̀ àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú tó ń fi í sínú aró, mo pò ó kó fúyẹ́ gan-an nínú omi gbígbóná. Fún ti kálísíọ̀mù, omi sítíríìkì táwọn oníṣóbò ń lò. Ká fi èyí fọ̀, ká fi omi ṣan án, ká tún fi ìkejì fọ̀. Fífọ̀ gba àkókò ju sísẹ́ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ta ló máa fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Omi tó jáde mọ́ kedere, ó ní àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ jọ ewé, fítámì B2 ló fún un ní àwọ̀ yẹn. A lè ka ìwé ìròyìn gba inú ife rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù sẹ́yìn tó lítà 15, ó funfun, ó ki díẹ̀. Ìyá bo ó bí ẹni bo ọmọ tuntun. Ọmọ FUNAAB gbé ìgò kan lọ yẹ̀ wò.

Ó padà wá pẹ̀lú ojú tó rẹ̀. Purotéènì inú rẹ̀ kéré ju ohun tí ìwé sọ lọ gidi gan-an. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe wàràkàṣì lọ́hùn-ún, mílíìkì wọn kì í ju lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ nígbà tó ń dì, nítorí náà purotéènì tó ń yọ́ nínú omi á bá omi lọ. Ìyá ń gbé tirẹ̀ dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Bí iná bá ti kọjá ìwọ̀n 70, purotéènì yẹn á tú, á lẹ̀ mọ́ èyí tó ń dì, á bá wàrà lọ sínú apẹ̀rẹ̀. Ohun tí a fi owó àjọ ra ẹ̀rọ láti wá kiri, Ìyá ti ń tà á ní Kútọ̀ láti ọdún yìí wá.

Mo rò pé ìyẹn náà á tó ìyọnu fún wa. Ó ṣe tán, omi ti mọ́, Bàbá Láńdọ́ọ̀dù á fi wá lọ́rùn sílẹ̀. A da omi kedere yẹn sí gọ́tà fún ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ kẹfà, bàbá wá kan ilẹ̀kùn mi nílé, kò tilẹ̀ pè mí lórí fóònù.

Àwa tí ń ṣe omi inú ọ̀rá, ojú la fi ń mọ omi tó mọ́. Irin-iṣẹ́ kékeré kan sì wà tí àwọn olóje èso ń lò, ó dà bí awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, wọ́n máa ń kán omi méjì sójú dígí rẹ̀, á fi iye ohun tó yọ́ sínú omi hàn. Mo yá ọ̀kan. Mo kán omi wàrà tí a kò tíì sẹ́ sí i, mo kọjú sí oòrùn: ìlà búlúù dúró lórí 6. Mo nù ún. Mo kán omi kedere sí i. Ó dúró lórí 5. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé e fún Ìyá kó wò ó fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tí UF gbà kò ju ìlà kan lọ. Ṣúgà kílò 7 yẹn ṣì ń lọ bá kànga bàbá, ó kàn ti wọ aṣọ tó mọ́ ni. Láátóòsì, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ Dalton 342 (Dalton ni wọ́n fi ń wọn àwọn ohun tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí), ohun tó bá sì tó 10,000 ni ihò UF wa ń dá dúró. Bí èèyàn bá fi àwọ̀n ẹja sẹ́ iyanrìn ni.

Ìyá kò pariwo. Ó ní, "Ẹńjìníà, mo gbọ́. Owó mi ńkọ́?" Èyí burú ju ariwo lọ. A ta UF náà fún ẹnì kan tó ń ṣe oje èso, ó gba adínkù, èmi ni mo san ohun tó dín.

Ọmọ ìyá yìí obìnrin ló béèrè ìbéèrè tó yẹ kí n ti béèrè lọ́jọ́ kìíní, níbi tó ti ń fọ ìkòkò: "Ta ló lè jẹ ẹ́?" Asẹ́ kì í mú nǹkan pa rẹ́, ó kàn ń pín in sọ́nà méjì ni, ẹni tó bá sì sẹ́ nǹkan gbọ́dọ̀ mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ọkùnrin kan wà lọ́nà Ọdẹ́dá tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní òun á gbà á, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì oní-lítà-25 mẹ́fà lójúmọ́ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, "ṣé omi ni mo fẹ́ máa san owó ọkọ̀ fún ni?"

Ibi yìí ni RO ti padà wọlé, iṣẹ́ mìíràn ni a sì gbé fún un. Nígbà àkọ́kọ́ mo ń wá omi tó mọ́. Nísinsìnyí mo ń wá bí ẹrù á ṣe fúyẹ́. Mo ra awọ tuntun àti pọ́ǹpù tó lè ti bárì 30. A ń gbọ́n ọ̀rá ojú rẹ̀ kúrò, a ń fi aṣọ onípele méjì sẹ́ ẹ, ó tún ń gba fílítà kọjá, a sì ń jẹ́ kó tutù kọjá 45 kó tó débẹ̀, nítorí awọ yìí kò fẹ́ ooru púpọ̀. Lítà 150 ń di lítà 50. A kì í lé e kọjá ibẹ̀: bí ṣúgà bá ti ki ní ìlọ́po mẹ́ta, agbára tó fi ń fa omi mọ́ra ti tó bárì 20, pọ́ǹpù á kàn máa kérora, epo á máa jó. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà di méjì. Mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára dúrọ́ọ̀mù: BÍLIÌSÌ KÒ GBỌDỌ̀ DÉ IBÍ.

Ìyá ní kí ni ká ti gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀ sí, ṣé a kò lè fi èyí tó ki yẹn sínú yógọ́ọ̀tì fún ọmọ iléèwé. Mo kọ̀. Bomubómu ní nǹkan nínú oje rẹ̀ tó ń ba ọkàn jà. Èèyàn ti ń jẹ wàrà rẹ̀ tipẹ́ nítorí pé ìwọ̀nba ni wọ́n ń fi sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí RO bá dá dúró, gbogbo rẹ̀ ló ń ki, ti ewé náà á ki pẹ̀lú ṣúgà. Ẹlẹ́dẹ̀ náà, méjì péré la fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pò ó díẹ̀díẹ̀ mọ́ èérí àgbàdo. Ìgbẹ́ wọn kọ́kọ́ ṣàn, ọkùnrin náà dín in kù, ó dúró. Ó ń fún àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ju àwọn àgbà lọ báyìí, nítorí inú àwọn àgbà kì í fẹ́ gba ṣúgà mílíìkì mọ́.

A fa kànga Bàbá Láńdọ́ọ̀dù gbẹ lẹ́ẹ̀mẹta, a fọ ògiri rẹ̀, a fi kúlórínì sí i. Òjò mẹ́rin rọ̀ kí òórùn náà tó lọ tán.

Ó ku lítà 100 tí RO ń tú jáde lójúmọ́. Nínú awò mi, 0 ló máa ń fi hàn, Ìyá sì fẹ́ máa fi í fọ ìkòkò àti apẹ̀rẹ̀. Mo ní kó máa lò ó. Lọ́jọ́ kan iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, omi wàrà dúró láti àárọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ká tó sẹ́ ẹ. Mo kán omi tó jáde sójú dígí: 0. Mo ní kó dà á sí ìkòkò. Ìyá gbé ọwọ́ sókè, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sí imú.

"Ó kan."

Mo tọ́ ọ wò. Ó kan lóòótọ́. Bí omi wàrà bá ti dúró, kòkòrò á sọ ṣúgà rẹ̀ di omi kíkan tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju Dalton 90 lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń yọ́ gba inú RO kọjá. Kò pọ̀ tó láti gbé ìlà búlúù kúrò lórí 0, ṣùgbọ́n ó tó láti mú ìkòkò rùn. A dà á padà sínú dúrọ́ọ̀mù ẹlẹ́dẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, òwúrọ̀ ló ń sẹ́, nígbà tí omi ṣì ń gbóná láti orí iná. Awò náà wà nínú àpò mi. Kó tó da omi sí ìkòkò, á kọ́kọ́ bu ú sí àtẹ́lẹwọ́.